Ẹ Má Ta Ààyè Tí Ilé Yín Fi Ń Mí
Ẹ̀kọ́ Ìlera fún Àwọn Ará Sùúrùlérè àti Agbègbè Rẹ̀

Lónìí mo fẹ́ kí a gbé ìgò oògùn tì sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí a sọ̀rọ̀ nípa ilé tí à ń gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú omi, inú oúnjẹ àti ẹnu ẹ̀fọn ni àìsàn ti ń wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wá ìdí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, a ó rí i pé bí a ṣe kọ́ ilé àti bí a ṣe tọ́jú ilẹ̀ tó yí i ká ló ń sọ bóyá ẹ̀fọn yóò rí ibi yé ẹyin sí, bóyá ikọ́ yóò ti ara ẹnì kan ran ẹlòmíràn, àti bóyá ọmọ ọwọ́ yóò rí oorun sùn lóru. Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé tó dára ni àpò tí à ń tọ́jú oògùn náà sí.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti wọ ilé olówó, mo ti wọ ilé mẹ̀kúnnù. Mo ti rí ilé alámọ̀ tó tutù bí ìdí àmù lọ́sàn-án gangan, mo sì ti rí pẹ́tẹ́ẹ̀sì onímáàbù tó gbóná bí ààrò. Nígbà tí mo wo ohun tó fa ìyàtọ̀ wọn, n kò rí i ju mẹ́ta lọ: afẹ́fẹ́, òjìji, àti ilẹ̀ tí ń mu omi. Àwọn mẹ́ta yìí ni ẹ̀kọ́ wa. Kò sí èyí tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pàdánù wọn yóò pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn.

ÀRÙN LÓ BÍ Ọ̀PỌ̀ ILÉ WỌ̀NYÍ

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ṣe ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ohun tó mú kí wọ́n kọ́ Sùúrùlérè bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Láti 1924 títí di 1930, àjàkálẹ̀ àrùn eku jà ní Èkó. Kòkòrò kékeré kan tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku, ló ń gbé àrùn náà dé ara ènìyàn. Erékùṣù Èkó ti há gádígádí nígbà náà. Ilé fara ti ilé, eku lè ti àjà ẹnì kan bọ́ sí àjà ẹlòmíràn láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ní 1928 ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Lagos Executive Development Board, èyí tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí LEDB, kí ó máa tún ìlú ṣe, kí ó sì máa la ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ ní àwọn àdúgbò tó há jù.

Ní 1955 ni ètò ńlá náà bẹ̀rẹ̀, láti wó apá kan ní àárín Erékùṣù Èkó kí wọ́n sì tún un kọ́. Sùúrùlérè ni wọ́n kọ́ ilé sí fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ilé ilẹ̀ tó tò lẹ́sẹẹsẹ ni, pẹ̀lú ilé ìdáná, ibi ìwẹ̀, àti ààyè gbangba láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Wọ́n tún pín ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi owó ara wọn kọ́lé. Àjọ LEDB fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Ní 1972 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, tí ó di LSDPC.

Ṣé inú gbogbo àwọn tó kó wá dùn? Rárá o. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Peter Marris wádìí ọ̀rọ̀ wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun náà láyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jìnnà sí ẹbí, sí ọjà àti sí oníbàárà. Owó ọkọ̀ wọ́n wọn lọ́rùn. Ìyá tó ń tajà wọ̀ǹtìwọnti ní Erékùṣù dé Sùúrùlérè, ó jókòó ti igbá, kò rí ẹni tí yóò rà á. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún gbogbo ẹni tí ń ya àwòrán ìlú: ìlera kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ti ọkàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá fẹ́ fún ènìyàn ní afẹ́fẹ́, kí a má ṣe gba ẹbí àti oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ààyè tí àwọn tó kọ́ Sùúrùlérè fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, ní ẹ̀gbẹ́ ilé àti ní iwájú kì í ṣe ilẹ̀ tó ṣẹ́kù lásán. Oògùn ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ wá rìn láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Lawanson lónìí, tàbí kí ẹ gba òpópónà Adéníran Ògúnsànyà kí ẹ yà sí Bódè Thomas. Ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú ààyè náà ti di ṣọ́ọ̀bù, òmíràn ti di yàrá ayálégbé, èyí tó kù sì ti di kọ̀ńkéré tí a ń gbé mọ́tò sí. Híhá tí wọ́n torí rẹ̀ wó Èkó, àwa náà tún ń fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọ sí Sùúrùlérè.

ẸKÍNNÍ: AFẸ́FẸ́

Ní Èkó, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Òógùn ni ara wa fi ń tu ara rẹ̀. Bí òógùn bá ti ń gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀, òógùn kì í gbẹ bọ̀rọ̀, àfi bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kọjá lórí awọ ara. Ìdí nìyẹn tí yàrá tí kò gba afẹ́fẹ́ fi máa ń dáni lágara ju oòrùn ìta lọ.

Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Agbo ilé Yorùbá ní àgbàlá láàárín, tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Yàrá kéré nítorí oorun nìkan ni à ń sùn níbẹ̀; ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń jẹun, tí a ti ń gba àlejò, tí a ti ń pa àlọ́. Ògiri amọ̀ nípọn, kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé, etí òrùlé sì gùn kọjá ògiri kí òjò àti oòrùn má baà kọlù ú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó ń jẹ́ University College nígbà náà, Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew ni wọ́n yàwòrán ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1956, àwọn méjèèjì tẹ ìwé kan jáde nípa bí a ṣe ń kọ́lé ní ilẹ̀ olóoru tó lọ́rinrin bíi tiwa. Ẹni tó bá ti dé ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì náà yóò rántí ògiri onihò tó bo ojú ilé náà. Oòrùn kò lè gba ibẹ̀ wọlé tán, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá fàlàlà. Bulọ́ọ̀kù onihò yìí kan náà ni ẹ ń rí lára ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Sùúrùlérè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn àti lójú bàkónì. Ó dùn mí pé àwọn kan ń fi símẹ́ńtì dí ihò náà báyìí, wọ́n ní ó ti di ayé àtijọ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: afẹ́fẹ́ dà bí àlejò tó gbọ́n, bí kò bá rí ọ̀nà ìjáde, kì í wọlé. Fèrèsé kan ṣoṣo kò tó fún yàrá. Kí ó jẹ́ méjì, kí wọ́n kọjú sí ara wọn, tàbí kí èkejì wà lára ògiri mìíràn. Nínú ilé face-me-I-face-you, tí yàrá wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, fèrèsé kan ni yàrá kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní. Kí onílé lu ihò onínẹ́ẹ̀tì sókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ṣí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sí gbangba, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà jáde. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún bíríkìlà.

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá sí Èkó láti orí òkun, láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, ni ó pọ̀ jù láàárín ọdún. Nítorí náà, ìhà yẹn ni kí ẹ má ṣe fi ògiri gíga tàbí ṣọ́ọ̀bù dí. Ẹ sì ṣọ́ra nípa fèrèsé onígíláàsì tí à ń fà sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó gbayì báyìí. Bí ẹ bá ṣí i tán, ìlàjì rẹ̀ ló ṣí. Ìlàjì kejì ṣì wà ní títì. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tí àwọn òbí wa lò ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán pátá. Bí ẹ bá máa ra tuntun, ẹ ra èyí tó ń ṣí gbayawu, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìgbádùn lọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí à ń pè ní TB, ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Bí aláìsàn bá wúkọ́ nínú yàrá tó dí, kòkòrò àrùn náà yóò máa fò kiri níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń sùn yóò sì máa fà á símú. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé tí ó ń jáde, kòkòrò náà yóò tàn ká, agbára rẹ̀ yóò dín, ìmọ́lẹ̀ oòrùn yóò sì pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 30 tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kà sí ibi tí àrùn yìí pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọn kì í gba owó àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀.

Kí n tó kúrò lórí afẹ́fẹ́, mo ní láti kìlọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ ní ohun kan nínú tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Ní ibi tí a ti kọ́ ẹ̀yìn ilé tán, ibo ni a ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí? Ojú fèrèsé aládùúgbò ni, tàbí inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yẹ kí ó jìnnà tó 20 ẹsẹ̀ bàtà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ilé tí kò bá ní ààyè yìí, kí wọ́n má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ lóru rárá. Ẹ̀mí ju iná lọ.

ÈKEJÌ: ÒJÌJI

Kọ̀ńkéré àti ọ̀dà títì a máa mu ooru oòrùn ní gbogbo ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ògiri yàrá yín fi máa ń gbóná ní aago mẹ́wàá alẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Èkó nìkan. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Luke Howard wọn ooru ìlú London, ó rí i pé àárín ìlú gbóná ju ìgbèríko lọ, àgàgà lóru. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú òtútù, kí ni kí a sọ nípa Mushin àti Sùúrùlérè? Ooru òru yìí ló ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu, ó ń yọ ẹlẹ́jẹ̀ ríru lẹ́nu, ó ń yọ aboyún àti ọmọ ọwọ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá sùn lóru, ara rẹ̀ kò ní lókun láti bá àìsàn jà lọ́sàn-án.

Ìhà ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti ń ta sí ògiri tààrà. Ògiri tó kọjú sí àríwá àti gúúsù rọrùn láti dáàbò bò, nítorí oòrùn ga lókè wa ní ọ̀sán, etí òrùlé tó gùn díẹ̀ ti tó o. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tuntun, kí ó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé náà kọjú sí àríwá àti gúúsù bí ilẹ̀ bá gbà á. Ẹni tó ti kọ́lé tán, kí ó fi ìborí sí orí fèrèsé ìhà ìwọ̀ oòrùn, kí ó sì kun òrùlé rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Àwọ̀ funfun ń dá oòrùn padà. Àwọ̀ dúdú ń gbà á wọlé.

Ṣùgbọ́n òjìji tó dára jù ni ti igi. Ìborí páànù ń dí oòrùn nìkan. Igi ń dí oòrùn, ó sì tún ń fa omi láti ilẹ̀, ó ń tú u jáde lára ewé rẹ̀, ìyẹn sì ń mú kí afẹ́fẹ́ tó yí i ká tutù. Bí ẹ bá ti jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ìlú Singapore gbóná, ó sì lọ́rinrin bíi Èkó. Ní 1963 ni olórí ìjọba wọn, Lee Kuan Yew, bẹ̀rẹ̀ ètò igi gbígbìn níbẹ̀, tí wọn kò sì dá a dúró. Lónìí, abẹ́ òjìji ni àwọn ènìyàn ń gbà rìn ní ọ̀pọ̀ òpópónà ìlú náà.

Igi wo ni kí a gbìn? Dóńgóyárò lágbára, kì í bẹ̀rù ọ̀gbẹlẹ̀. Máńgòrò àti igi fúrúùtù ní òjìji tó gbòòrò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó láyè ni kí a gbìn wọ́n sí. Ẹni tí ààyè rẹ̀ kéré, kí ó gbin ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí gúáfà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń gbìn sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ kì í ṣe ìwà ará oko: ó ń mu omi ìwẹ̀ tí ì bá dá sílẹ̀ kí ẹ̀fọn wà á. Ẹ má ṣe gbin igi ńlá sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí gbòǹgbò a máa wá omi kiri. Ẹ má sì ṣe gbin àgbọn síbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

ẸKẸTA: ILẸ̀ TÍ Ń MU OMI

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, tí òjò ńlá kan sì rọ̀ tó mílímítà 50, omi tó bọ́ sórí ilẹ̀ náà yóò lé ní lítà 23,000. Ìyẹn tó àgbá onílítà 200 bíi 115. Bí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, tí koríko àti yanrìn wà níbẹ̀, yóò mu púpọ̀ nínú omi náà. Bí a bá fi kọ̀ńkéré bo gbogbo rẹ̀, àgbá 115 ni ilé kan ṣoṣo tú sí gọ́tà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kí ẹ wá ka iye ilé tó wà ní òpópónà yín. Gọ́tà wo ló lè gba ìyẹn, àgàgà tí ọ̀rá omi àti ìgò ike ti dí i lọ́nà? Àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òpópónà, nítòsí odò kanáàlì, ni omi náà yóò bá nínú yàrá. Onílé tó wà lókè ló da omi, ọmọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru mú.

Omi tí kò rìn tún jẹ́ ilé ẹ̀fọn. Ní 1897, nílẹ̀ Íńdíà, ni Dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn, tí ayé fi mọ̀ pé òun ló ń gbé e kiri. MacGregor, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tó sì tún jẹ́ dókítà, gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé. Ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ odò láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí láti fa irà ibẹ̀ gbẹ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ odò náà. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀fọn kì í pẹ́ dàgbà: láti ẹyin di èyí tí ń fò kò ju ọjọ́ 7 sí 14 lọ. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà wá fẹ́ràn omi tó dá sójú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Èyí tó ń gbé ibà apọ́njú wá fẹ́ràn omi inú agolo àti táyà àtijọ́. Èyí tó ń pọ̀ nínú gọ́tà onídọ̀tí sì ni kì í jẹ́ kí a sùn. Nítorí náà, ẹni tó ń da omi gọ́tà rẹ̀ nù, tí ó wá fi táyà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ti fi oníjà sílẹ̀, ó gbájú mọ́ alápẹpẹ.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹrẹ̀ nínú ọgbà, kò pọn dandan kí ẹ fi kọ̀ńkéré bo ó tán. Ẹ tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ fi kọ̀ńkéré ṣe ojú ọ̀nà méjì péré fún táyà mọ́tò, kí koríko wà láàárín. Bí ẹ bá fẹ́ òkúta íńtálọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí yanrìn, kí wọ́n má ṣe fi símẹ́ńtì dí àárín rẹ̀, kí omi lè rí ibi wọlẹ̀.

LẸ́TÀ ÌYÁ KAN

Ìyá kan tó ń gbé nítòsí Lawanson kọ̀wé sí mi pé: "Bàbá, ọkọ mi fi ilé ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa kí ó tó kú. Àwọn ọmọ ní kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí iwájú, kí a sì kọ́ yàrá mẹ́rin sí ẹ̀yìn, kí a gé igi máńgòrò tí bàbá wọn gbìn. Owó náà yóò wúlò fún mi, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi kan ń ṣe ikọ́ fée, abẹ́ igi yẹn ni ó sì ti ń rí èémí mí. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run yóò dúró ti ẹ̀yin àti àwọn ọmọ. N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má wá owó. Ẹni tó ń jẹun yó kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú owó ilé opó. Ṣùgbọ́n ẹ bá àwọn ọmọ ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù méjì, sí apá kan iwájú, kí apá kejì ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ láti wọ inú ilé. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ yàrá sí i, kíkọ́ sókè sàn ju kíkọ́ yíká lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé òkè lé ìpìlẹ̀ àtijọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀ńjíníà tó kọ́ṣẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì ti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, nítorí ilé tó ń wó ní Èkó kì í ṣe ìtàn tí a ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ní ìwọ̀n ààyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín ilé àti ọgbà. Ẹni tó bá kọ́lé sórí rẹ̀, wọ́n lè wó o, owó á sì bá a lọ.

Ní ti ọmọ náà, igi kì í wo ikọ́ fée sàn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó ní oògùn tirẹ̀ tí à ń fà símú, kí ó má sì wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n eruku, èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín ààrò àti ògiri tó ń hu olú nítorí ọ̀rinrin ni ó ń ru ikọ́ fée sókè. Yàrá mẹ́rin tí kò ní fèrèsé gidi lẹ́yìn ilé yóò mú gbogbo wọn wá pọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ, pẹ̀lú sùúrù, pé owó oṣù tí ayálégbé ń san ní ojú méjì: ọ̀kan ń wọlé, èkejì ń gba ilé ìwòsàn jáde. Kí wọ́n ka méjèèjì kí wọ́n tó pe bíríkìlà.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Kì í ṣe onílé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ayálégbé náà ní ipa tirẹ̀. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn:

1. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé lówùúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ kó àpótí àti àpò tó dí fèrèsé kúrò. Yàrá kì í ṣe ilé ìkẹ́rù.

2. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé kí ẹ má baà máa tì í nítorí ẹ̀fọn, kí ẹ sì máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

3. Ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, ẹ yí ilé po, kí ẹ da omi inú agolo, táyà àti ike nù. Bí ẹ bá ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹyin ẹ̀fọn kò ní rí àkókò dàgbà.

4. Ẹ wọn ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà sí fèrèsé tó sún mọ́ ọn jù, ti aládùúgbò pẹ̀lú. Bí kò bá tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ gbé e kúrò.

5. Ẹ fọ́ ibì kan nínú kọ̀ńkéré ọgbà yín, ó kéré tán ìwọ̀n ẹní kan, kí ẹ gbin nǹkan síbẹ̀. Ayálégbé tí kò ní ilẹ̀ lè gbin ewúro àti efinrin sínú kẹ̀ǹgbẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n kí ó lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dá síbẹ̀.

6. Ẹ má ṣe da ọ̀rá àti ìgò ike sí gọ́tà. Ẹ bá ẹgbẹ́ onílé àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n kó gọ́tà kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má dúró de oṣù kẹfà tí òjò pọ̀ jù.

7. Kí òpópónà kọ̀ọ̀kan gbin igi, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tí a gbìn tí kò ní olùtọ́jú, igi ìdáná la gbìn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín kí ó ní, "Igi wo ni mo fẹ́ gbìn tí n ó rí òjìji rẹ̀ kí n tó kó kúrò nílé onílé?" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló gbin èyí tí ẹ dúró sábẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ lánàá? Kò mọ orúkọ yín nígbà tó ń gbìn ín. Orúkọ àdúgbò wa pàápàá ti sọ ọ́ tán: sùúrù ló lérè. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ lónìí, tí ó ní sùúrù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò kàn án, yóò kan ọmọ rẹ̀, yóò sì kan ọmọ ayálégbé tí ń bẹ nílé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó sọ̀rọ̀ lórí omi kànga àti bí a ṣe ń sè é kí a tó mu ún. Ẹ máa ṣí fèrèsé o. Ó dìgbà kan ná.